Bí a ṣe ń ya àdàlù sọ́tọ̀ láì yí ohun inú rẹ̀ padà

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama, bí olùkọ́ kẹ́místrì bá dé orí ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n á to orúkọ ọ̀nà bíi mẹ́wàá sójú pátákó, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ há a sórí. Ọmọ á mọ orúkọ wọn tán. Ṣùgbọ́n ẹ gbé abọ́ tí yanrìn àti iyọ̀ ti dà pọ̀ sí iwájú rẹ̀ pé kó yà á, á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú orúkọ tó bá a mu dípò kó wo ohun tó wà nínú abọ́. Orúkọ kì í yanjú ìṣòro yìí. Ohun inú abọ́ ló ń sọ ọ̀nà tí a ó gbà.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ọmọ SS1 tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, fún òbí tó fẹ́ jókòó tì í, àti fún olùkọ́ tí láàbù rẹ̀ kò ní irinṣẹ́ púpọ̀. Ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ẹ lè ṣe nínú ilé. Èyí tí kò yẹ kí ẹ ṣe nílé, mo sọ ọ́ níbi tí ó wà.

Ìbéèrè tó ń ṣáájú

Àdàlù ni ohun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó wà pa pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì di ìwà tirẹ̀ mú. Omi òkun ń dùn bí iyọ̀ nítorí pé iyọ̀ inú rẹ̀ kò tíì di nǹkan mìíràn. Ìwà tí kò yí padà yẹn la fi ń mú un jáde. Bí irin lẹ́búlẹ́bú àti imí ọjọ́ bá kàn dà pọ̀ lásán, òòfà á fa irin jáde, á fi imí ọjọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sun àwọn méjèèjì pọ̀ lórí iná tí wọ́n di iron sulphide, ẹ lè gbé òòfà lé e títí ilẹ̀ á fi ṣú, irin kankan ò ní yà kúrò lára rẹ̀. Ìyẹn ti di ohun tuntun, ọ̀nà tí a ń sọ níhìn-ín kò ká a mọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ bi ara yín pé: kí ni ọ̀kan nínú wọn ń ṣe tí èkejì kì í ṣe? Ṣé òòfà ń fa ọ̀kan? Ṣé ọ̀kan ń yòrò nínú omi tí èkejì kì í yòrò? Ṣé ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ, tàbí horo rẹ̀ tóbi jù? Ṣé ọ̀kan tètè ń hó? Ìdáhùn tí ẹ bá rí ni ọ̀nà tí ẹ ó gbà. Bó bá jẹ́ títóbi ni wọ́n fi yàtọ̀, ajọ̀ tàbí asẹ́ ni. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀wà, atẹ́gùn àti atẹ ti tó. Èyí tó kù ló gba àlàyé.

Iyọ̀, yanrìn àti irin nínú abọ́ kan

Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà bíi mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun olóró níbẹ̀. Ẹ wá iyọ̀ 10 g (ó dín díẹ̀ ní ṣíbí tíì méjì tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba), yanrìn odò 10 g tí ẹ ti fọ̀ tí ẹ sì ti sá gbẹ, àti irin lẹ́búlẹ́bú 10 g. Ọ̀dọ̀ àwọn wẹ́dà ni ẹ ti máa rí irin náà: ohun dúdú tó máa ń kóra jọ sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin. Ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi òòfà ṣa irin inú rẹ̀, kí ẹ da èyí tó kù nù. Òòfà inú sìpíkà tó ti bàjẹ́ lágbára tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ tún wá ọ̀rá nylon tín-ín-rín, ife gíláàsì mẹ́ta, àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, bébà asẹ́, abọ́ tánganran, àti òṣùwọ̀n tó lè ka gíráàmù. Bí kò bá sí bébà asẹ́, bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí á ṣiṣẹ́. Aṣọ funfun tí a ṣẹ́ sí mẹ́rin náà á gbìyànjú, àmọ́ eruku yanrìn tó kúnná jù á gba inú rẹ̀ kọjá.

*Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fa irin jáde nígbà tí àdàlù ṣì gbẹ.* Ẹ tẹ́ ẹ fẹrẹgẹdẹ sórí bébà funfun. Ẹ fi ọ̀rá nylon wé òòfà kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ kò bá wé e, irin á lẹ̀ mọ́ ọn débi pé èékánná lẹ ó fi máa họ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá wé e, ẹ ó kàn gbé e sórí abọ́ mìíràn, ẹ ó yọ òòfà kúrò nínú ọ̀rá, gbogbo irin á sì já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa gbé òòfà kọjá lókè àdàlù náà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ má jẹ́ kó kàn án. Irin á kọ́kọ́ nàró lórí bébà, á sì fò mọ́ ọ̀rá. Yanrìn díẹ̀ á bá a fò, torí pé ó há sáàárín àwọn irin náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tún irin tí ẹ ti ṣa tẹ́ sórí bébà mìíràn, kí ẹ tún un fà. Nígbà kejì yìí ni irin náà á tó mọ́.

Àwọn ọmọ kan máa ń béèrè ìdí tí a kò fi kọ́kọ́ da omi sí i. Bí omi bá kan àdàlù náà, irin àti yanrìn á lẹ̀ mọ́ra wọn, òòfà á sì máa kó méjèèjì pọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, irin tó kúnná báyìí nínú omi iyọ̀ kì í pẹ́ dípẹtà, bó bá sì ti dípẹtà, ohun tí ẹ wá yà sọ́tọ̀ ti di nǹkan mìíràn. Nínú iṣẹ́ yíya àdàlù, èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e ṣe pàtàkì tó ọ̀nà náà fúnra rẹ̀.

*Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jẹ́ kí iyọ̀ yòrò.* Ẹ da yanrìn àti iyọ̀ tó kù sínú ife, kí ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ 50 ml sí i, kí ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Omi 100 ml máa ń gba iyọ̀ tó tó nǹkan bíi 36 g ní 25°C kó tó kọ̀ ọ́, nítorí náà 50 ml lè gba 18 g. 10 g tiwa á yòrò tán láì ṣẹ́ kù. Ẹ má bu omi kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo omi tí ẹ bá bù sí i báyìí lẹ ó fi iná lé jáde nígbẹ̀yìn.

*Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ jẹ́ kó tòrò.* Ẹ gbé ife náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Yanrìn á lọ sísàlẹ̀, omi òkè á sì mọ́. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ ìgbésẹ̀ yìí dáadáa: aṣọ á gba èérí dúró, ògì á gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè sílẹ̀, wọ́n á sì rọra da omidùn kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn nínú iṣẹ́ kan: títóbi horo ni aṣọ fi ń yà á, wíwúwo ni gbígbé kalẹ̀ fi ń yà á. Níhìn-ín, ìdí tí a fi ń jẹ́ kí ó tòrò kí a tó sẹ́ ẹ ni pé bí yanrìn bá tètè bọ́ sínú bébà, á dí i, omi á sì máa kán tó-tó-tó títí ẹ ó fi sú.

*Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ sẹ́ ẹ.* Ẹ ṣẹ́ bébà asẹ́ sí méjì, kí ẹ tún ṣẹ́ ẹ sí méjì, kó wá rí bí ìdá kan nínú mẹ́rin òbìrí. Ẹ la ẹnu rẹ̀ kí ìpele mẹ́ta wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ fi í sínú àrọ, kí ẹ fi omi díẹ̀ rẹ ẹ́ kó lè lẹ̀ mọ́ ara àrọ náà. Bí àyè bá wà láàárín wọn, omi ò ní ṣàn dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ìdí àrọ kan ara ife tó wà nísàlẹ̀, omi á máa ṣàn tẹ̀ lé ara ife náà wọ́ọ́rọ́wọ́ láì ta. Ẹ wá rọra da omi òkè tó ti tòrò sí i, kí ẹ jẹ́ kó gba ara igi gíláàsì tàbí ìrù ṣíbí wọlé. Omi kò gbọ́dọ̀ ga dé etí bébà láé. Bó bá kọjá etí, yanrìn á gba ẹ̀yìn bébà bọ́ sínú ohun tí ẹ ti sẹ́, ẹ ó sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ sẹ́. Ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ tó da yanrìn fúnra rẹ̀ sí i.

*Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fọ yanrìn náà.* Omi iyọ̀ ṣì wà lára yanrìn. Ẹ bu omi 5 ml sórí rẹ̀ nínú bébà, kí ó ṣàn tán, kí ẹ tún bu 5 ml mìíràn. Bíbu díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ń fọ iyọ̀ kúrò ju bíbu 10 ml lẹ́ẹ̀kan lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló máa ń fo èyí, ibẹ̀ gan-an ni iyọ̀ wọn máa ń ṣẹ́ kù sí. Ẹ wá sá yanrìn pẹ̀lú bébà rẹ̀ sóòrùn kó gbẹ.

*Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ gbẹ omi kúrò lára iyọ̀.* Ẹ da omi tí ẹ sẹ́ sínú abọ́ tánganran, kí ẹ gbé abọ́ náà lé ẹnu ìkòkò kékeré tí omi ń hó nínú rẹ̀, kó jẹ́ pé oru omi ìkòkò ló ń gbóná mọ́ ìdí abọ́. Ó pẹ́ ju kí a gbé abọ́ lé iná tààrà, àmọ́ òun ni mo fọwọ́ sí fún ọmọdé. Lórí iná tààrà, bí omi bá ti fẹ́ tán, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pá-pá-pá, á máa fò jáde sójú àti sílẹ̀. Nígbà tí iyọ̀ bá ti ki tó bí ẹ̀kọ mímu, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí oòrùn parí rẹ̀. Ẹ wọ awò ojú nígbà tí iná bá wà níbẹ̀.

*Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wọ̀n wọ́n.* Ẹ wọn irin, yanrìn àti iyọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ pín ohun tí ẹ rí sí iye tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí iyọ̀ bá jẹ́ 9.2 g nínú 10 g, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ gbà padà. Bí iyọ̀ yín bá wọn 10.8 g, ẹ má yọ̀: omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ tún un sá, kí ẹ tún un wọ̀n, títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Bó bá jẹ́ yanrìn ló wúwo jù tí iyọ̀ sì dín, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 5.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ sè gbẹ

Iyọ̀ kò bẹ̀rù iná, ìdí nìyẹn tí a fi lè lé omi rẹ̀ tán. Gbogbo nǹkan kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣúgà á jóná. Copper sulphate aláwọ̀ búlúù ní omi nínú horo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí iná bá pọ̀ jù, omi náà á jáde, ohun búlúù tó ń dán á di ẹ̀tù funfun. Fún irú wọn, a máa ń jẹ́ kí omi gbígbóná gbé èyí tó pọ̀, lẹ́yìn náà ká jẹ́ kó tutù. Omi tútù kò lè gbé ohun tí omi gbígbóná ń gbé, nítorí náà èyí tó pọ̀ jù á jáde ní kírísítálì.

Álọ́ọ̀mù dára fún èyí. Mo ń sọ potassium alum, èyí tó mọ́ roro. Èyí tí wọ́n ń tà fún omi kànga lè jẹ́ irú mìíràn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi 100 ml ń gba nǹkan bíi 14 g rẹ̀ ní 20°C, ṣùgbọ́n ní 50°C ó ń gba bíi 36 g. Ẹ jẹ́ kí 30 g yòrò nínú omi 100 ml tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nígbà tó ṣì gbóná, kí ẹ bo ife náà, kí ẹ sì gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní mì ín. Bó bá tutù dé 20°C, ó lé ní 15 g tó yẹ kó jáde. Nínú yàrá tí ooru wà, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Bó bá tutù jẹ́jẹ́, kírísítálì ńlá lẹ ó rí, tí ojú rẹ̀ tẹ́jú bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Bí ẹ bá fi áìsì tutù ú kíákíá, kéékèèké ni wọ́n á jẹ́. Ẹ sẹ́ wọn, ẹ fi omi tútù díẹ̀ ṣàn wọ́n, ẹ fi bébà asẹ́ fà wọ́n gbẹ. Ìdọ̀tí tó yòrò á wà nínú omi tó kù, torí náà ọ̀nà yìí ń fọ nǹkan mọ́ ju sísè gbẹ lọ.

Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ o. Láti 25°C títí dé 100°C, ohun tí omi 100 ml ń gbà nínú iyọ̀ kò kúrò ní 36 g ju kó dé bíi 39 g lọ. Ẹ ó tutù ú títí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò jáde.

Òróró àti omi

Àwọn méjì yìí kì í gba ara wọn, òróró ló sì fúyẹ́ jù, nítorí náà wọ́n á ya ara wọn bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀. Iṣẹ́ tó kù ni bí ẹ ó ṣe gba ọ̀kan láì gba èkejì. Láàbù ní ìgò àrọ tó ní ìdérí tó ń yí nísàlẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ gé ìdí ìgò omi oníke kúrò, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ìdérí rẹ̀ ní ihò kan, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ fi ìka dí ihò náà, ẹ da àdàlù náà sí i láti òkè, kí ẹ dúró títí ìlà tó wà láàárín wọn yóò fi hàn gbangba. Ẹ ṣí ìka: omi ló máa kọ́kọ́ jáde. Bí ìlà náà bá ti ń sún mọ́ ihò, ẹ jẹ́ kó máa kán díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gba ìwọ̀nba tó wà ní ojú ààlà sínú ife mìíràn, nítorí pé méjèèjì ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òróró nìkan ló kù.

Bákan náà ni kẹrosíìnì àti omi. Ọtí àti omi kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé wọ́n ń wọnú ara wọn pátápátá. Ìgò àrọ kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀.

Gbígba oru padà: distillation

Nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́, a lé omi dànù, a gba iyọ̀. Bó bá jẹ́ omi la fẹ́ ńkọ́? A ó gba oru rẹ̀, a ó tutù ú, yóò sì padà di omi.

Ẹ bu omi 500 ml sínú ìkòkò, kí ẹ fi iyọ̀ ṣíbí méjì sí i. Ẹ gbé ife irin tó wúwo sáàárín rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ga ju omi náà lọ dáadáa. Bí ife bá fúyẹ́, á léfòó, á sì dojú dé. Ẹ dojú ìdérí ìkòkò kọ òkè sísàlẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ dojú kọ inú ife, kí ẹ to áìsì sórí rẹ̀. Ẹ fi iná díẹ̀ sí i. Oru á gbéra, á kan ìdérí tútù, á di ẹ̀kán omi, á ṣàn lọ sídìí ọwọ́ ìdérí, á sì máa kán sínú ife. Omi kò gbọ́dọ̀ hó ṣàn-ìn, kí ẹ̀kán omi iyọ̀ má bàa ta sínú ife. Ìkòkò náà kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ.

Ní láàbù, ìgò abìdí-róbótó, tẹmómítà àti páìpù onípele méjì tí à ń pè ní Liebig ló ń ṣe iṣẹ́ ìdérí àti áìsì yẹn. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ mójú tó. Orí tẹmómítà gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí oru ti ń yà sínú páìpù, kì í ṣe nínú omi tó ń hó, nítorí ìwọ̀n ooru oru tó ń jáde la fẹ́ kà. Omi tútù gbọ́dọ̀ gba ìsàlẹ̀ páìpù wọlé kó sì gba òkè jáde, kí páìpù lè kún fún omi nígbà gbogbo. Ẹ sì fi àfọ́kù tánganran díẹ̀ sínú ìgò kí omi má bàa máa fò sókè lójijì.

Bó bá jẹ́ ohun méjì tó ń hó ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọtí ń hó ní 78°C, omi ní 100°C. Èèyàn lè rò pé ní 78°C, ọtí nìkan ni yóò jáde. Rárá o. Omi náà ń bá a gbéra. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé òpó gígùn tó kún fún ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì sórí ìgò náà: oru á máa tutù lára ìlẹ̀kẹ̀, á tún gbéra, á tún tutù, omi á máa padà sísàlẹ̀, ọtí á sì máa pọ̀ sí i bí a ṣe ń lọ sókè. Síbẹ̀, bó ti wù kí òpó náà gùn tó, ọtí náà kò lè kọjá nǹkan bí ìdá 95.6 nínú ọgọ́rùn-ún, torí pé ní ìwọ̀n yẹn, méjèèjì ń hó pọ̀ bí ohun kan.

Àwọn tó ń sè ògógóró ní ilẹ̀ Ìlàjẹ mọ distillation kó tó dé ìwé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn: àgbá lórí iná, páìpù tó gba inú omi tútù kọjá, ìgò lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sè ọtí nílé láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Oru ọtí ń gbiná. Mẹ́tánọ́ọ̀lù, tó ń hó ní nǹkan bíi 65°C, tún lè wà nínú ọtí, òórùn àti adùn rẹ̀ kò sì ní fi í hàn yín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Ìrèlé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú àwọn ènìyàn fọ́ lójijì, àwọn kan sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé mẹ́tánọ́ọ̀lù inú ọtí ìbílẹ̀ ló fà á.

Òpó yìí kan náà, tí wọ́n sọ di gàgàrà, ni wọ́n fi ń fọ epo rọ̀bì. Ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í mú epo jáde ní ọdún 2024. Gáàsì ń gba orí òpó jáde, pẹtiróòlù wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kẹrosíìnì àti dísù tẹ̀ lé e, ohun dúdú tí a fi ń ṣe ọ̀dà títì sì ṣẹ́ kù sí ìdí. Atẹ́gùn pàápàá, bí a bá tutù ú títí tó fi di omi, a lè yà á báyìí: nitrogen ń hó ní −196°C, oxygen ní −183°C.

Íǹkì dúdú kò dúdú bó ṣe rí

Ọ̀nà yìí ló máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù, kò sì ná wọn ní nǹkan. Ẹ gé bébà asẹ́ ní ìbú 2 cm àti gígùn 12 cm. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí 2 cm láti ìsàlẹ̀. Pẹ́ńsù ni o, kì í ṣe bírò, nítorí omi kò lè gbé lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù rìn. Ẹ fi máńkà (marker) dúdú olómi tọ́ ẹ̀kán kékeré kan sórí ìlà náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún tọ́ ọ síbẹ̀ kan náà. Kékeré ni kó jẹ́, kó sì dúdú dáadáa. Ẹ bu omi sínú ife kó ga tó 1 cm, kí ẹ so bébà náà kọ́ sára pẹ́ńsù tí ẹ fi dábùú ẹnu ife, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan omi, ṣùgbọ́n kí ẹ̀kán náà wà lókè omi. Bí ẹ̀kán bá rì sínú omi, íǹkì á yòrò sínú ife, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gun bébà. Nígbà tó bá dé orí ẹ̀kán, dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ sókè, búlúù á yọ, pupa á yọ, nígbà mìíràn yẹ́lò náà á yọ. Àwọ̀ tó fẹ́ràn omi ju bébà lọ á bá omi sáré, èyí tó fẹ́ràn bébà á dúró sẹ́yìn. Ẹ yọ ọ́ kí omi tó dé orí bébà, kí ẹ sáré fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí omi dé kó tó gbẹ. Ẹ wá wọn ibi tí àwọ̀ kan dé láti orí ìlà, kí ẹ fi ibi tí omi dé pín in. Bí búlúù bá rin 6 cm tí omi rin 8 cm, 0.75 ni. Iye yìí, tí à ń pè ní Rf, kì í yí padà fún àwọ̀ kan náà bí bébà àti omi kò bá yí padà, nítorí náà ẹ lè fi mọ̀ bóyá búlúù inú máńkà méjì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí íǹkì bírò bá kọ̀ láti rìn nínú omi, ẹ lo sípírítì dípò rẹ̀, níbi tí iná kò sí.

Mikhail Tsvet, onímọ̀ nípa ewéko ará Rọ́ṣíà, ló mú ọ̀nà yìí jáde ní ọdún 1903, nígbà tó jẹ́ kí oje ewé ṣàn gba inú ẹ̀tù ẹfun kọjá, tí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ yẹ́lò sì pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ewé tẹ̀tẹ̀ tí ẹ fi sípírítì díẹ̀ lọ̀. Ní 1952, Archer Martin àti Richard Synge gba ẹ̀bùn Nobel fún irú rẹ̀ tí ọ̀nà orí bébà ti jáde.

Àwọn tó kù

Áyódíìnì, bí iná bá kàn án, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti di oru aláwọ̀ àlùkò kó tó yọ́, oru náà á sì tún di horo lára gíláàsì tútù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yà á kúrò lára yanrìn. Ammonium chloride náà ń gbéra báyìí, ó sì ń fi iyọ̀ sílẹ̀. Láàbù tí fèrèsé rẹ̀ ṣí ni èyí wà fún, lábẹ́ ojú olùkọ́. Àwọn kan máa ń fi káńfọ̀ ṣe é. Ẹ má fi iná kan káńfọ̀ nílé. Náfútálíìnì inú rẹ̀ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó tí ara rẹ̀ kò ní èròjà G6PD tó, àwọ̀ ojú ọmọ náà á sì pọ́n. Bí ìkókó bá wà nílé, kò tiẹ̀ yẹ kí ẹ fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ rẹ̀.

Bí ohun kan bá kúnná jù tí kì í tètè sílẹ̀, a máa ń fi ẹ̀rọ yí i ní eré gidi. Ìyẹn ni wọ́n ń ṣe ní ọsibítù bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ṣe PCV, àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ yín tó: ẹ̀jẹ̀ nínú páìpù tín-ín-rín á yí fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, èyí tó pupa á lọ sí ìdí, omi aláwọ̀ yẹ́lò á wà lókè, wọ́n á sì ka ìdá tí pupa gbà.

Ẹ fi èyí dán ara yín wò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè àkọ́kọ́: ẹfun àti iyọ̀, imí ọjọ́ àti irin, kẹrosíìnì, omi àti iyọ̀ nínú ìgò kan, ammonium chloride, iyọ̀ àti yanrìn. Fún èyí tó kẹ́yìn, iná ló ṣáájú, omi tẹ̀ lé e, bébà asẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ṣé ohun tí a yà mọ́ lóòótọ́?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń ṣì. Wọ́n á da omi tí wọ́n gbà sórí copper sulphate funfun, á di búlúù, wọ́n á ní omi náà mọ́. Omi kòtò náà á sọ ọ́ di búlúù. Ohun tí ìdánwò yẹn ń fi hàn ni pé omi wà níbẹ̀, kò sọ pé omi nìkan ló wà níbẹ̀. Láti mọ̀ pé ó mọ́, ẹ sè é: omi tó mọ́ ń hó ní 100°C ní ìlú tó wà lẹ́bàá òkun, tẹmómítà á sì dúró sójú kan títí yóò fi fẹ́ gbẹ tán. Omi iyọ̀ ń hó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ooru rẹ̀ á sì máa gòkè bí omi ṣe ń dín kù. Fún ohun líle, ibi tó ti ń yọ́ la ń wò. Náfútálíìnì tó mọ́ ń yọ́ ní 80°C lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìdọ̀tí bá wà nínú rẹ̀, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kó tó dé ibẹ̀, á sì yọ́ díẹ̀díẹ̀.